Dífù Lọ́ọ̀kì Tí Kò Mú Tàbí Tí Kò Tú: Kì Í Ṣe Inú Dífù Ni Ìṣòro Rẹ̀ Sábà Máa Ń Wà

Láàárín àwọn tó ń fi tírákítọ̀ kékeré dáko ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti ná ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó púpọ̀. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá ń yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì dúró gbagidi, tí awakọ̀ sì ti tẹ dífù lọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí, láìrí ìyàtọ̀ kankan, tàbí tí lọ́ọ̀kì náà bá mú tán tí kò fẹ́ tú mọ́, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Eyín inú dífù ti jẹ nù, ẹ jẹ́ ká tú ẹ̀yìn ọkọ̀." Táyà á kúrò lára ọkọ̀, ọ̀pá á jáde, ọ́ìlì á dà nù, a ó sì wá rí i pé eyín wà ní pípé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bàjẹ́ wà níta, níbi tí ojú ti lè rí i tí ọwọ́ sì ti lè tó o, láàárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti ibi tí ọ̀pá lọ́ọ̀kì ti wọ inú ilé gíà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Bí a ṣe lò ó ni kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí dífù ń ṣe. Nígbà tí tírákítọ̀ bá ń yà sí apá kan, ọ̀nà tí táyà tó wà lóde ń rìn gùn ju ti èyí tó wà nínú lọ, ó sì di dandan kó yára jù ú. Dífù ni àkójọpọ̀ eyín gíà tó ń jẹ́ kí táyà méjèèjì lè yára ju ara wọn lọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tó ń pín ipá tó ń yí wọn lọ́gbọọgba. Ìpín ọgbọọgba yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí táyà ọ̀tún bá bọ́ sínú àbàtà tí kò rí ohun tí yóò dì mú, ipá díẹ̀ péré ló nílò láti máa yí lásán. Ìwọ̀n díẹ̀ yẹn náà ni dífù yóò sì fi ránṣẹ́ sí ti òsì, bí ti òsì tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀ líle. Nítorí náà, táyà kan tó ń yí tí èkejì sì dúró kì í ṣe àmì pé dífù ti bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Dífù lọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe láti dá iṣẹ́ yẹn dúró fún ìgbà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ní agbára ẹṣin (horsepower) 20 sí 50, irin ìtẹ̀ kan wà nítòsí gìgísẹ̀ awakọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń yí apá irin kan tó wà lára ilé gíà lóde. Apá irin yìí á ti fọ́ọ̀kì tó wà nínú, fọ́ọ̀kì á ti òrùka eléyín, eyín òrùka náà á sì wọnú ihò tó wà lára ilé dífù. Láti ìgbà náà, ọ̀pá táyà méjèèjì di ọ̀kan, wọn kò sì lè yára ju ara wọn lọ mọ́. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríǹgì ni yóò fa gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ kíyè sí i pé eyín ní láti bá ihò pàdé kó tó lè wọlé. Bí wọn kò bá tíì pàdé, irin ìtẹ̀ yóò le lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sì ní lọ sílẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó le yìí, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn á dúró títí táyà kan yóò fi máa sáré yí nínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó gbá a mọ́lẹ̀, èyí tó burú jù, nítorí pé ìgbà bẹ́ẹ̀ gan-an ni eyín máa ń ṣẹ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí táyà dúró, kó tẹ lọ́ọ̀kì kó sì di ẹsẹ̀ mú níbẹ̀, lẹ́yìn náà kó rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nínú gíà tó lọ́ra jù lọ. Táyà á yí díẹ̀, eyín á bá ihò, a ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ pé ó ti wọlé.

Ti pé kò tú ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò, irin ìtẹ̀ kò gòkè, tírákítọ̀ kò fẹ́ yà mọ́, ẹ̀rù sì ba olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí táyà kan bá ń fà ju èkejì lọ, ipá yẹn ló ń tẹ eyín mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, sípíríǹgì kékeré kò sì lè fà á jáde, gan-an bí ìdábùú kì í ti ṣeé fà nígbà tí ẹnì kan bá fara ti ilẹ̀kùn. Kí awakọ̀ kọ ojú ọkọ̀ síwájú tààrà, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì tàbí kó dín iná kù kí ipá náà lè rọ̀. Bí kò bá tíì jáde, kó padà sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kó rọra tẹ búréèkì òsì àti ti ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń tú.

Bí ó bá wá di pé gbogbo ìgbà ni ó ń há bẹ́ẹ̀, kódà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ wo táyà ẹ̀yìn kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Táyà tuntun ní apá kan àti èyí tó ti jẹ ní apá kejì, tàbí afẹ́fẹ́ tí kò bá ara mu, túmọ̀ sí pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Nígbà tí lọ́ọ̀kì bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ èkejì bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń lọ tààrà, eyín kò sì ní rí ìsinmi tí yóò fi jáde. Wíwọn afẹ́fẹ́ táyà kò gba owó kankan, síbẹ̀ èmi kò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi máa ń fi í ṣe ìgbẹ̀yìn.

Àmọ́ ìta ni ibi tí ìdáhùn pọ̀ sí jù lọ, pàápàá nílẹ̀ wa yìí. Tírákítọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ ní oko ìrẹsì tó wà ní àkùrọ̀ ìhà Ìtóìkín máa ń wọ ẹrẹ̀ tó dé àyà rẹ̀. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kí ẹrẹ̀ tó gbẹ, amọ̀ á dì sábẹ́ irin ìtẹ̀, yóò sì le tó bẹ́ẹ̀ tí irin náà kò fi ní lè lọ sílẹ̀ tán mọ́; ẹsẹ̀ awakọ̀ kan ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n lórí amọ̀ ló ti dúró. Ọ̀rinrin ọ̀sà àti òjò á bá ibi tí irin ìtẹ̀ ti ń yí jà, ìpata á mú un, a ó sì máa rò pé inú ló ti le. Sípíríǹgì ìfàpadà máa ń já tàbí kó sọ nù; nígbà náà ni wọ́n á lọ wá sípíríǹgì ọ̀kadà so mọ́ ọn, èyí tó lè ṣàìlágbára tó láti fà á padà tàbí kó le ju bó ṣe yẹ lọ. Kùkùté lè tẹ ọ̀pá tó so irin ìtẹ̀ mọ́ apá irin, ìyẹn á sì dín ìrìn rẹ̀ kù. Pín-ìn-nì tó so wọ́n pọ̀ lè jẹ, kí ihò rẹ̀ sì fẹ̀, tí ìdajì ìtẹ̀ yóò fi tán nínú ihò kó tó kan ohunkóhun. Kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó gba kí a tú dífù. Omi, búrọ́ọ̀ṣì onírin, gíríìsì, pín-ìn-nì tuntun àti sípíríǹgì tó bá ọkọ̀ náà mu ni wọ́n ń fẹ́. Bí lọ́ọ̀kì tiyín bá sì jẹ́ ti bọ́tìnnì oníná, fíúùsì àti wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ dájú bóyá ìta ni tàbí inú. Ẹ gbé tírákítọ̀ sórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta ńlá há táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ẹ yọ gíà tó ń mú kí táyà iwájú máa fà. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn títí táyà méjèèjì yóò fi kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e lé irin ìdúró tó lágbára, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán, kí ẹ sì tú búréèkì ọwọ́. Pẹ̀lú gíà nínú, ẹ fi ọwọ́ yí táyà ọ̀tún síwájú. Ti òsì gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn. Kí ẹnì kejì wá tẹ lọ́ọ̀kì, kí ẹ sì máa mi táyà náà síwá sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ ìró eyín tó wọlé. Bí ó bá ti mú, ẹ kò ní lè yí táyà kankan mọ́. Bí ẹ bá sì yọ gíà sí nútíràà, méjèèjì yóò máa yí sí ìhà kan náà. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì rárá nígbà tí lọ́ọ̀kì wà nínú tí táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sì wà lókè, nítorí èyí tó wà nílẹ̀ yóò wa ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì.

Bí lọ́ọ̀kì bá mú báyìí, tó sì tú, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tú dífù yín. Bí kò bá mú, ẹ wo apá irin tó wà lára ilé gíà bí ẹnì kejì ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí irin ìtẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ tí apá irin kò sì mira, ohun tó so wọ́n pọ̀ ló ti já. Bí apá irin bá ń yí díẹ̀, ẹ tú ọ̀pá kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi sípánà rọra yí i fúnra rẹ̀ títí dé òpin bí ẹnì kan ṣe ń mi táyà. Bí lọ́ọ̀kì bá mú nígbà yìí, gígùn ọ̀pá ni kí ẹ tún ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àfi tí apá irin bá lọ dé òpin tí táyà kò sì so, tàbí tó ń yí gbọ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láìsí ìtakò kankan, ni a tó lè sọ pé inú ni: fọ́ọ̀kì ti ṣẹ́, tàbí eyín òrùka ti jẹ, tí orí rẹ̀ ti di róbótó débi pé kò lè dì mú. Àmì mìíràn ni pé lọ́ọ̀kì ń fò jáde pẹ̀lú ariwo nígbà tí ọkọ̀ bá ń fa pùláù, tàbí pé ègé irin lẹ̀ mọ́ ìdérí ibi tí wọ́n ti ń fa ọ́ìlì jáde. Ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà kì í ṣe ẹ̀rí pé eyín ṣẹ́. Omi ló wọ inú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ibi síìlì (rọ́bà tó ń dí ojú ihò) ọ̀pá lọ́ọ̀kì náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì náà kíákíá. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì tó ki sí i láti mú kí lọ́ọ̀kì "di mú dáadáa." Nínú ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ kékeré, ọ́ìlì kan náà ni gíà, búréèkì inú àti ẹ̀rọ tó ń gbé pùláù sókè jọ ń lò.

Àwọn kan máa ń ní tírákítọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kò nílò lọ́ọ̀kì. Dífù wà níwájú, ó sì wà lẹ́yìn. Bí táyà iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan bá wà nínú ẹrẹ̀, àwọn méjèèjì lè máa yí lásán kí ọkọ̀ sì dúró sójú kan.

Bí inú bá ti bàjẹ́ lóòótọ́, tí ẹ sì ń dúró de ohun èlò, ẹ ṣì lè jáde nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú búréèkì. Ẹ yọ ìkọ́ tó so búréèkì òsì àti ọ̀tún pọ̀, kí ẹ rọra tẹ ti apá táyà tó ń yí lásán. Ìtakò búréèkì yẹn yóò mú kí dífù fi ipá tó pọ̀ sí i ránṣẹ́ sí èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle. Kó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí búréèkì má baà gbóná, kí ẹ sì so ìkọ́ náà padà kí ẹ tó gun títì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé lọ́ọ̀kì há sínú tí kò tú lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀, ẹ má ṣe wa tírákítọ̀ náà gba títì Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá mẹkáníìkì, nítorí kò ní fẹ́ yà nígbà tí ẹ bá yí ìdarí rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wá bá a lóko.