Alásè Ló Kọ́kọ́ Ń Jẹ Nínú Ajílẹ̀ Olómi

Ẹni tó bá da ajílẹ̀ olómi sínú ìkòkò òdòdó máa ń rò pé oúnjẹ ti dé ẹnu ewéko nìyẹn. Omi ni, gbòǹgbò sì ń fa omi, kí ló tún kù? Èrò yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ irúgbìn inú ìkòkò jẹ́. Ajílẹ̀ olómi tí a rí lára ẹja jíjẹrà, ìgbẹ́ adìẹ tàbí ewé tí a rẹ sómi kò tíì jinná. Èlò ọbẹ̀ tútù ni. Àwọn kan wà nínú erùpẹ̀ tí yóò sè é, àwọn náà ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.

Náítírójìn ni ká fi ṣàlàyé, nítorí láìsí i, ewé kò lè tutù yọ̀yọ̀. Nínú omi ẹja jíjẹrà, inú purotéènì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ há sí. Gbòǹgbò lè fa ìwọ̀nba èérún purotéènì tó bá kéré gidi, ṣùgbọ́n ammonium àti nitrate, oríṣi náítírójìn méjì tó máa ń yòrò sínú omi, ni ewéko gbójú lé. Kòkòrò àìfojúrí ló ń gé purotéènì wẹ́wẹ́. Wọ́n á mú èyí tí wọ́n nílò, wọ́n á sì tu ìyókù síta gẹ́gẹ́ bí ammonium. Àwọn bakitéríà mìíràn, Nitrosomonas wà lára wọn, á gba ammonium yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di nitrite. Nitrite kò bá gbòǹgbò lára mu, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń lọ déédéé kì í pẹ́ níbẹ̀, torí àwọn bakitéríà bíi Nitrobacter àti Nitrospira ti ń dúró dè é láti sọ ọ́ di nitrate. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé bakitéríà oríṣi méjì ló pín iṣẹ́ yìí ṣe láàárín ara wọn.

Ohun tó wúni lórí jù níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ ewéko kàn. Kálukú ń wá àtijẹ ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan tu dànù ni èkejì ń jẹ, ohun tí èkejì náà sì tu dànù ni gbòǹgbò ń fà. Bí ó ṣe ń falẹ̀ yìí gan-an ló dára fún ìkòkò. Erùpẹ̀ kì í lè di nitrate mú. Gbogbo ìgbà tí a bá bomi rin irúgbìn ni omi ń gbé e jáde nídìí ìkòkò. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló jinná tán, ìdajì rẹ̀ ì bá ti bá omi lọ kí ewéko tó bù ú sẹ́nu. Nítorí náà, kí a máa bu díẹ̀ sí i lóòrèkóòrè sàn ju kí a rọ́ gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n alásè náà ní ikùn. Bakitéríà nílò náítírójìn láti fi kọ́ ara tirẹ̀. Bí kábọ̀nù inú ohun tí a fún un bá tó nǹkan bí ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn rẹ̀, ó máa ń tó o gẹ́lẹ́. Bí kábọ̀nù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú erùpẹ̀ ni yóò ti wá náítírójìn kún un. Ìyẹ̀fun igi tó ń dà sílẹ̀ nídìí ayùn ní kábọ̀nù tó ju náítírójìn rẹ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ẹni tó bá pò ó ní tútù mọ́ erùpẹ̀ ìkòkò dà bí ẹni tó gba igba alásè síbi àpèjẹ ogún ènìyàn. Inú ilé ìdáná ni oúnjẹ yóò ti tán, àlejò á jókòó ti abọ́ òfìfo. Ewé ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ìyeyè. Lóòótọ́, bí ìgbà bá pẹ́, tí àwọn alásè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, náítírójìn ara wọn á padà sínú erùpẹ̀. Irúgbìn oko lè na gbòǹgbò lọ síbòmíràn kó tó dìgbà yẹn. Ti inú ìkòkò kò ríbi lọ.

Ilé ìdáná yìí tún ní láti ní fèrèsé, torí àwọn tó ń sọ ammonium di nitrate kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Bí omi bá di gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, àwọn bakitéríà mìíràn á gbàjọba, wọ́n á sọ nitrate di afẹ́fẹ́ tí yóò fò lọ. Iṣẹ́ perlite (òkúta funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi iná wú), èèpo igi ṣákaṣàka àti èèpo àgbọn tí a ń pò mọ́ erùpẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ inú wọn kò tó nǹkan. Àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n ń là. Compost, ìyẹn ewé àti pàǹtírí tó ti jẹrà di ajílẹ̀, ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ń jẹrà sí i, ó ń rọ̀ sílẹ̀, ó sì ń dí àlàfo. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta erùpẹ̀ ìkòkò ti tó o.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ti ń dunni. Àìmọye ènìyàn ló ń tẹ́ òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè tètè ṣàn jáde. Ẹ wo fóòmù ìfọbọ́: ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ gbé e ní ìdùbúlẹ̀ títí tí kò fi kán mọ́, kí ẹ wá gbé e nàró. Láìfún un rárá, omi mìíràn á tún kán. Èyí tó kù nínú rẹ̀ á kó jọ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí gbogbo erùpẹ̀ inú ìkòkò ṣe máa ń rin gbingbin. Omi kì í fi erùpẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ wọ àárín òkúta títí dìgbà tí erùpẹ̀ náà bá mu ún yó. Òkúta kàn gbé ibi tó rin yẹn sún mọ́ gbòǹgbò ni. Ìkòkò tó jìn, tí a po perlite mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ló ń ṣe ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ òkúta.

Pé ajílẹ̀ kò ní kẹ́míkà nínú kò ní kó má jó gbòǹgbò. Iyọ̀ wà nínú ìgbẹ́ adìẹ, ó sì ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò. Ibi tó ti kọ́kọ́ ń hàn ni etí ìkòkò, bí èépá funfun. Lẹ́yìn náà ni ṣóńṣó ewé á gbẹ. Iyọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, bí erùpẹ̀ tilẹ̀ tutù. Kí a là á lómi dáadáa, kí a má dà á sórí erùpẹ̀ gbígbẹ, kí a sì máa fi omi lásán ṣan ìkòkò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi ṣàn jáde nídìí.

Bí a bá ti ń bu ajílẹ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ewé kò yí padà, kí a tẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a rọra fa irúgbìn jáde, kí a gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ni àwọn alásè kò rí mí. Kí a gbé ìgò ajílẹ̀ sílẹ̀, kí a gé gbòǹgbò tó ti rà, kí a sì pààrọ̀ erùpẹ̀ náà.