Kí ló dé tí ẹnu onígun mẹ́ta kì í pàdé? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń rán kúìtì

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí, iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kó ègé ańkárá jọ láti fi rán kúìtì, aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ òwú sí láàárín. Onígun mẹ́rin kò yọ mí lẹ́nu rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá gé onígun mẹ́ta, tí mo rán méjì pọ̀, ọ̀kan á gùn ju èkejì lọ, ẹnu wọn kò sì ní pàdé. Ṣé ọwọ́ mi ni?

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín kọ́. Ẹ mú ègé ańkárá kan, ẹ fà á lóròó, bí etí aṣọ ṣe lọ. Kò ní mira. Ẹ fà á ní ìbú, á dẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá di igun kan mú pẹ̀lú igun tó kọjú sí i, kí ẹ fà á. Ó ń nà bíi rọ́bà, àbí? Òwú òró àti òwú ìbú ló di ara wọn mú nínú aṣọ híhun. Tí a bá fà á ní ìdábùú, kò sí òwú kankan tó dojú kọ ọ̀nà yẹn láti dá wa dúró. Ohun tí àwa télọ̀ ń pè ní báyàsì nìyẹn. Ẹ̀yin náà ń lò ó tí ẹ bá fẹ́ fi pàípì yí ọrùn bùláòsì ká láì ṣunkì.

Onígun mẹ́rin tí ẹ gé lóròó àti ní ìbú kò ní báyàsì létí. Bí ẹ bá ti là á sí méjì láti igun dé igun, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ti di báyàsì látòkè délẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ sì fẹ́ rán. Eyín maṣíìnì ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ maṣíìnì ń tẹ tòkè mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó rán an dópin, ọ̀kan ti nà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ rán an kí ẹ tó gé e.

Ká ní onígun mẹ́rin oníǹṣì 4 lẹ fẹ́ kó hàn nígbà tí kúìtì bá parí. Ẹ gé onígun mẹ́rin oníǹṣì 5 méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Ẹ kọ ojú wọn síra. Ẹ fi pẹ́ńsù àti rúlà fa ìlà kan láti igun dé igun lẹ́yìn èyí tó funfun. Ẹ rán an ní kọ́tà íǹṣì (¼) sí ọ̀tún ìlà náà, ẹ yí i padà, ẹ tún rán an ní kọ́tà íǹṣì sí òsì. Ìgbà yìí ni kí sísọ́ọ̀sì wá tẹ̀ lé ìlà àárín. Ẹ ṣí i: onígun mẹ́rin méjì ló jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì funfun, ìlàjì dúdú. Báyàsì kò ráyè nà, torí òwú ti dè é kí irin tó kàn án.

Yóò tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ gbé rúlà lé e, kí ìlà ìdábùú orí rúlà sùn sórí ojú rírán gan-an, kí ẹ gé e kù sí íǹṣì 4½, torí rírán ṣì máa jẹ kọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń so wọ́n pọ̀. Ó ń gba àsìkò, mo mọ̀. Èmi gan-an fo ìpele yìí nínú kúìtì mi àkọ́kọ́, aṣọ náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dòní.

Ìbéèrè: Àwọn mìíràn ní kí n gé onígun mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ní íǹṣì 4⅞ dípò 5. Kọ́tà lọ́tùn-ún, kọ́tà lósì, ṣebí ààbọ̀ íǹṣì ni. Níbo ni ⅞ ti wá?

Ìdáhùn: Ààbọ̀ íǹṣì tó fún onígun mẹ́rin, torí gbogbo igun rẹ̀ ló dúró ṣánṣán. Onígun mẹ́ta yìí ní igun kan tó dúró bẹ́ẹ̀, àti méjì tó mú bí ẹnu ọ̀kọ̀. Níbi igun tó dúró, rírán ń jẹ kọ́tà íǹṣì péré. Níbi igun tó mú, rírán ẹ̀gbẹ́ kúkurú àti ti ẹ̀gbẹ́ gígùn ń pàdé jìnnà sínú, ohun tí wọ́n jọ ń jẹ níbẹ̀ sì tó 0.6 íǹṣì. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ 0.25, ó di nǹkan bí 0.85. Kò sí 0.85 lórí rúlà wa, ni wọ́n bá sún un sí ⅞, tó jẹ́ 0.875. Ìdí nìyẹn tí ⅞ náà fi ń tóbi díẹ̀. Èmi yàn láti gé íǹṣì 5, kí n sì gé e kù, ju kí n máa wá ⅞ kiri lórí téèpù.

Ìbéèrè: Kọ́tà íǹṣì gan-an ni mo ń rán, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń kéré.

Ìdáhùn: Tí ẹ bá ṣí ojú rírán, aṣọ ní láti tẹ̀ gun orí òwú kó tó sùn. Ìtẹ̀ yẹn ń jẹ ìbú òwú kan tàbí méjì, nítorí náà kí rírán yín dín díẹ̀ sí kọ́tà. Ẹ dán maṣíìnì yín wò báyìí: ẹ gé ọ̀já mẹ́ta tí ìbú wọn jẹ́ íǹṣì 1½, ẹ rán wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ lọ̀ ọ́. Tí ìbú ti àárín bá jẹ́ íǹṣì 1 géérégé, ẹ ti rí i. Tó bá kéré sí i, ẹ sún abẹ́rẹ́ sí ọ̀tún fín-ín-fín. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: tí onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan bá fi 1/16 íǹṣì kéré, ìlà tó ní onígun mẹ́rin mẹ́jọ ti fi ààbọ̀ íǹṣì kéré nìyẹn.

Ìbéèrè: Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lé, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń lọ ṣòkòtò, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tó ń tú ooru omi jáde. Ẹ lọ ojú rírán sí apá aṣọ dúdú.

Ìbéèrè: Tí mo bá ń so onígun mẹ́rin wọ̀nyí pọ̀, ṣóńṣó onígun mẹ́ta ń wọlé lọ, ó ń dà bí ẹni tí wọ́n gé nímú.

Ìdáhùn: Ẹ yí i sẹ́yìn kí ẹ tó rán an. Ẹ óò rí ibi tí ojú rírán méjì ti dábùú ara wọn bí àmì ìsọdipúpọ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gba àárín àmì yẹn, tàbí kó bọ́ sí òde rẹ̀ ní ìbú òwú kan. Tó bá gba inú, imú ti lọ nìyẹn. Tí kọ́tà íǹṣì yín bá sì fẹ́ bá àmì yẹn jà, àmì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Ẹ̀kú Egúngún tí mò ń wò láti kékeré kún fún onígun mẹ́ta létí bí eyín ayùn, n kò sì rí ẹni tó ń wọn kọ́tà íǹṣì. Báwo ni tiwọn ṣe ń dúró?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Orí aṣọ mìíràn ni wọ́n ń bù ú lé. Aṣọ abẹ́ ló di báyàsì mú, onígun mẹ́ta kò sì ní láti bá onígun mẹ́ta mìíràn pàdé lẹ́nu. Bó bá wọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nígbà tí ẹ̀kú bá ń fẹ́ yípo. Èyí tó wà ní Brooklyn Museum ní New York, tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní 2019, aṣọ tó lé ní 300 ló wà lára rẹ̀. Nínú kúìtì, onígun mẹ́ta kò ní ìpìlẹ̀ kankan lábẹ́ nígbà tí à ń rán an. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ ló ń di ara wọn mú.

Ìbéèrè: Mo ti gé ọgọ́rùn-ún onígun mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó ka èyí.

Ìdáhùn: Háà. Ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ fi sítáàṣì sí wọn kó le, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹ fi pínnì mú orí méjèèjì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá mú àárín. Tí ọ̀kan bá ti nà ju èkejì lọ, èyí tó nà ni kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀, kí eyín maṣíìnì rọra kó àṣẹ́kù rẹ̀ wọlé. Ẹ má fà á láti ẹ̀yìn.