U-value: Òṣùwọ̀n Ooru Tó Ń Gba Ara Ògiri Kọjá

Bí ènìyàn bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, yóò rí i pé ògiri náà ṣì ń gbóná, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti wọ̀. Ooru ọ̀sán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já sínú ilé. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ fi ń mọ bí ooru ṣe ń gba ara ògiri kọjá ni wọ́n ń pè ní U-value.

Ohun tó ń sọ ni iye wọ́ọ̀tì ooru tó ń gba ògiri tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, nígbà tí ìta bá fi dígírì kan gbóná ju inú lọ. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ògiri ṣe lè dènà ooru tó.

Láti ṣírò rẹ̀, a ó mú bí ògiri ṣe nípọn tó ní mítà, a ó fi bí ohun èlò rẹ̀ ṣe ń gba ooru láyè pín in, a ó sì ro 0.17 mọ́ ọn fún afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ojú ògiri nínú àti níta. Lẹ́yìn náà ni a ó fi àpapọ̀ rẹ̀ pín 1. Bí búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí kò ní ihò bá ń gba ooru láyè ní ìwọ̀n 1.0, U-value rẹ̀ yóò súnmọ́ 2.5. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó ínṣì 18, irú èyí tó ṣì wà lára àwọn ilé àtijọ́ ní àyíká Olúmọ, yóò wà ní nǹkan bí 1.3, bí amọ̀ náà bá wà ní 0.75. Lára ògiri tó jẹ́ mítà márùn-ún níbùú, mítà méjì lóòró, nígbà tí ìta fi dígírì 10 gbóná ju inú lọ, búlọ́ọ̀kù yóò jẹ́ kí wọ́ọ̀tì 250 wọlé, èyí tó ju iná tí fáànù òkè àjà mẹ́ta sábà máa ń jẹ lọ. Amọ̀ yóò gba nǹkan bí 130.

Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí kò sọ àkókò tí ooru yóò wọlé, èyí sì ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń fa ooru mọ́ra fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó tú u sílẹ̀. Ní tèmi, kò yẹ kí a fojú kéré rẹ̀ nítorí pé sìmẹ́ńtì dé.

Bí ilé bá ti wà nílẹ̀, a lè wọ̀n ọ́n. Wọn a lẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń ka ooru mọ́ ojú ògiri nínú ilé, níbi tó jìnnà sí fèrèsé àti òpó, wọn a fi òṣùwọ̀n ooru sínú àti síta, wọn a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 72 ó kéré tán. Ní ilẹ̀ òtútù, èyí rọrùn, torí inú ilé máa ń gbóná ju ìta lọ tọ̀sán-tòru. Ní Abẹ́òkúta, inú àti ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ooru a sì máa yí ojú padà lóru, èyí tó lè ba èsì jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà títí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n tán.