Ìlàrí tí kò ní gbẹ́rẹ́: ohun tó ń mú kí Blender má rí káàdì lórí Linux

Gbígbé Blender, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, sórí Linux kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ń wa fáìlì rẹ̀ wálẹ̀ láti blender.org, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tẹ orúkọ ètò náà nínú àpò rẹ̀, ó ti ṣí nìyẹn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá délẹ̀ tán, tó wá ku kí Cycles ṣe render rẹ̀, ìyẹn ni kó sọ ọ́ di àwòrán tó parí. Cycles yìí, tó ti wà nínú Blender láti ọdún 2011, ìrìn ìmọ́lẹ̀ ló ń tọ̀ kiri. Àwòrán kan tó jẹ́ 1920 ní ìbú, 1080 ní òró, tí wọ́n bá fi sample 128 ṣe é, ìyẹn ni pé kí wọ́n tọ ìmọ́lẹ̀ nígbà 128 fún àmì kọ̀ọ̀kan, ipa ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 265 ni ẹ̀rọ máa tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì tún máa ta kànǹkàn lára ògiri àti ilẹ̀. Iṣẹ́ káàdì àwòrán nìyẹn. Èèyàn á wá lọ sí Edit, Preferences, System, á yan CUDA tàbí OptiX, ọ̀nà méjì tí Blender ń gbà lo káàdì NVIDIA, Blender á sì dá a lóhùn pé "No compatible GPUs found for Cycles". Kò rí káàdì kankan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe lẹ́yìn èyí ni pé kí wọ́n pa Blender rẹ́, kí wọ́n tún gbé e wọlé. Tí kò bá yí padà, wọ́n á wá ẹ̀dà mìíràn. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, wọ́n á ní káàdì ti bàjẹ́, tàbí kí wọ́n ní Linux kì í ṣe ti àwọn tó ń ya àwòrán. Ó máa ń dunni, nítorí Blender kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìránṣẹ́ tó rán ni kò rí ààfin wọ̀.

Ààfin ni kernel Linux, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ. Káàdì, díìsìkì, RAM, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò sì sí ètò tó lè ti ìta wọlé kó lọ bá káàdì sọ̀rọ̀ tààrà. Blender pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, àlejò ẹnu ọ̀nà ni. Èyí ló fà á tí driver NVIDIA, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì, fi pín sí méjì. Apá kan jókòó síta lọ́dọ̀ àwọn àlejò: libcuda.so ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Blender. Apá kejì ń gbé inú ààfin gan-an, òun ni module, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n ń so mọ́ kernel, tó ń jẹ́ nvidia.ko. Ẹni ìta á ro ẹjọ́, ẹni inú á fọwọ́ kan káàdì.

Ẹ wo àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Ìránṣẹ́ Aláàfin ni wọ́n. Wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, wọ́n sì máa ń sín gbẹ́rẹ́ sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí wọn lọ́nà ti mọ ẹni tó rán wọn. Ẹnu kì í sọ èèyàn di ìlàrí, orí ni wọ́n ń wò. Bí Secure Boot, ètò ààbò tó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ń tan, ṣe ń ṣe sí module gan-an nìyí. Tó bá wà ní títàn, kernel kò ní jẹ́ kí module kankan wọ ààfin àfi èyí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ buwọ́ lù. Àwọn module tó bá kernel náà wá láti ilé ti ní gbẹ́rẹ́ tiwọn. Àmọ́ nvidia.ko tí DKMS, ètò tó ń rọ module fún kernel, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ nínú kọ̀ǹpútà onílé, kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà náà ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò sì tíì rí irú gbẹ́rẹ́ yẹn rí.

Ìdí nìyẹn tí Ubuntu fi máa ń béèrè password kan nígbà tí driver bá ń wọlé. Àwọn kan á tẹ ohun tó bá sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún ń tan, ojú ìwé aláwọ̀ búlúù kan á yọ kí Linux tó dé, "Perform MOK management", ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 10 ló sì máa fi dúró. MOK ni kọ́kọ́rọ́ tí onílé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan Enroll MOK, tí wọ́n ń tẹ password yẹn, kí ẹ̀ṣọ́ lè mọ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ẹni tó bá rò pé kòkòrò àrùn ló wọ ẹ̀rọ òun, tó jẹ́ kí ojú ìwé náà kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló lé ìlàrí rẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà á tan. Àwòrán á hàn lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ètò yìí, nítorí kò sí ohun tí ayédèrú module kò lè ṣe tó bá ti wọ ààfin. Ibi tó kù sí ni pé ẹ̀ṣọ́ náà dákẹ́ jù. Àfi kí èèyàn lọ sí terminal, ojú ìwé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, kó tẹ sudo modprobe nvidia kó tó gbọ́ ohun tó sọ: "Key was rejected by service". Ẹni tó bá ti rí gbólóhùn yẹn, ìdajì iṣẹ́ ti tán. Lórí Ubuntu, á tẹ sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der, á yan password tó máa rántí, á tún kọ̀ǹpútà tàn, kò sì ní jẹ́ kí ojú ìwé búlúù kọjá lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà mìíràn wà tí ìlàrí ti wọlé tán, àmọ́ tí òun àti agbẹnusọ ìta kò gbọ́ ara wọn. Update á pààrọ̀ libcuda sí ẹ̀dà tuntun láìjẹ́ pé onílé mọ̀, nígbà tí nvidia.ko àná ṣì jókòó nínú RAM. Ẹni tó bá tẹ nvidia-smi, àṣẹ tó ń sọ bí káàdì NVIDIA ṣe wà, á rí "Driver/library version mismatch". Kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà tàn ni gbogbo oògùn rẹ̀.

Nvidia-smi yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè nígbàkúùgbà. Tó bá dárúkọ káàdì, ààfin ò níṣòro, inú Blender ni kí wọ́n padà sí. Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Wọ́n á mú káàdì nínú Preferences, wọn kò ní rántí Render Properties, níbi tí Device ti gbọ́dọ̀ kúrò ní CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) bọ́ sí GPU Compute (káàdì). Inú fáìlì iṣẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí sí, nítorí náà fáìlì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tún lè wà lórí CPU.

Ti AMD yàtọ̀ díẹ̀. Module amdgpu ti wà nínú kernel fúnra rẹ̀, gbẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. HIP ti ROCm, tó ń ṣe fún káàdì AMD ohun tí CUDA ń ṣe fún NVIDIA, ló kù kí wọ́n gbé wọlé, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ sínú ẹgbẹ́ render, torí pé ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n gbà láàyè láti ṣí /dev/kfd. Kó jáde kó tún wọlé kó tó dán an wò.

Tí gbogbo èyí bá ti gún, tí render bẹ̀rẹ̀ tó wá dúró lójijì pé àyè káàdì ti kún, iyàrá inú, ìyẹn memory káàdì, ló kéré. Ẹrù ńlá ni àwòrán JPEG tí wọ́n fi bo ara nǹkan ń fi pamọ́: ó lè jẹ́ MB 3 lórí díìsìkì, àmọ́ káàdì kò lè lò ó ní kíká, ó ní láti tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní. Àwòrán 4096 sí 4096, tí àmì (pixel) kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gba báìtì 4, á di MB 64. Mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ á jẹ GB 1 tán, bẹ́ẹ̀ káàdì GB 8 ṣì ní láti wá àyè fún ilé, igi àti èèyàn inú àwòrán náà. Abẹ́ Simplify nínú Render Properties ni Texture Limit wà. Tí wọ́n bá fi sí 2048, MB 64 yẹn á di 16. Kò sí ojú tó máa mọ̀ ọ́n lára ògiri tó wà lókèèrè.