Irun tó re, oògùn wo ló lè mú un hù padà?

Ìbéèrè: Okun o. Ọmọ àbúrò mi kan ní Mọ̀pà, ọmọ ọdún 14, ṣàdédé pá lójú mẹ́ta lórí, ó rí roboto roboto. Àwọn kan ní làpálàpá ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n ní oògùn kan ti jáde lókè òkun tó ń mú un hù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tan iná sí orí ọmọ náà kí ẹ wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ làpálàpá, èépá sábà máa ń wà níbẹ̀, á máa yún un, irun á sì kán kù ní kúkúrú. Bí awọ bá ń dán, tí kò sí èépá, ẹ wo etí ojú ibẹ̀: bí ẹ bá rí irun kúkúrú tó nípọn lókè tó wá tín-ín-rín nídìí, ó jọ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní alopecia areata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá àgbà kankan nítorí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló kọjú ìjà sí ìdí irun.

Ìbéèrè: Báwo wá ni hóró oògùn ṣe ń dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ dúró?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Sẹ́ẹ̀lì máa ń rán ara wọn níṣẹ́. Àwọn tó ń jà yìí ń tu èròjà kan jáde, interferon gamma. Èròjà náà kì í wọlé, ara sẹ́ẹ̀lì ìdí irun ló ń kàn lóde. Purotéènì kan tó ń jẹ́ JAK ló ń gba iṣẹ́ náà nínú, tó ń fi í lé purotéènì mìíràn, STAT, lọ́wọ́, STAT á sì gbé e dé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àṣẹ ti ń jáde. Àṣẹ tó ń jáde ni pé kí ìdí irun náà tún pe àwọn tó ń jà sí i. Bí ìjà ṣe ń le sí i nìyẹn.

Oògùn bíi baricitinib kéré gan-an, ó ń gba ara sẹ́ẹ̀lì wọlé, ó sì ń dí JAK lọ́wọ́. Iṣẹ́ kò dé mọ́, ìjà rọ̀, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2022 fún àgbàlagbà tí tirẹ̀ le. Ní 2023 wọ́n fọwọ́ sí ritlecitinib, oògùn JAK mìíràn tí ọmọ ọdún 12 sókè lè lò. Nínú ìdánwò méjì, láàrin àwọn tó lo ìwọ̀n baricitinib tó pọ̀ jù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, nǹkan bí 36 sí 39 nínú 100 ni irun bo orí wọn dé ìdá 80 nínú 100, ó kéré tán. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ó sábà máa ń re padà.

Ìbéèrè: Iwájú orí tèmi ti ń pá lọ sẹ́yìn. Ṣé n lè lò ó?

Ìdáhùn: Rárá o. Homonu ló wà nídìí tiyín, DHT, tó ń sọ ìdí irun di kékeré díẹ̀díẹ̀. Oògùn finasteride ń dín DHT kù. Minoxidil tí a ń fi pa orí jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀; irun tó ń hù sí ojú àti apá àwọn tó ń lò ó ló mú kí wọ́n ronú orí. Irun lè túbọ̀ re ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ sì ń jù ú nù níbẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ẹ tó rí nǹkan gidi.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ńkọ́? Irun dídì ti mú etí orí rẹ̀ pá.

Ìdáhùn: Kí wọ́n tú u, kí wọ́n má sì dì í le mọ́. Bí ojú àpá bá ti bo ìdí irun, kò sí oògùn tó lè jí i.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra oògùn JAK yìí ní kẹ́mísìtì fún ọmọ náà?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dín agbára ara láti bá àrùn jà kù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife kó tó lò ó, ikọ́ ife kò sì jìnnà sí wa. Ojú mẹ́ta péré sì kéré. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ láàrin ọdún kan, ìpara tàbí abẹ́rẹ́ steroid sì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Lọ́kọ́ja, ẹ béèrè dókítà awọ ara, kí wọ́n kọ́kọ́ ha ojú ibẹ̀ yẹ̀ wò fún làpálàpá.