Ọ̀dọ̀ Eégún Alárìnjó Ni Agbo Òṣèré Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Kọ́ṣẹ́

Bí agbo akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣeré ní yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, orin àti ìlù ni wọ́n fi ń ṣíde. Ẹnì kan á lé, ìyókù á gbè. Ẹni tó ṣe ọba lẹ́ẹ̀kan á pa aṣọ dà, á di ìyá ọlọ́jà; bó bá tún yá, á kọjú sí òǹwòran, á bá wọn tàkùrọ̀sọ. Àwọn kan ní inú kọ́ńsáàtì ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ní Èkó, láti ìgbà tí CMS Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859, la ti mú gbogbo èyí. N kò gbà. Kọ́ńsáàtì fún wa ní pèpéle, aṣọ ìkélé àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n eré náà gan-an, ọ̀dọ̀ alárìnjó, eégún Ọ̀yọ́ tó ń ṣeré kiri, ló ti wá.

Joel Adédèjì, tó parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, ni mo tẹ̀ lé. Ó mú wa dé ìgbà Aláàfin Ògbólú ní Ọ̀yọ́ Ìgbòho. Ọba fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́ Ilé tí Tápà ti lé wọn kúrò, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò sì fẹ́. Nígbà tí ọba rán èèyàn lọ yẹ ilẹ̀ wò, àwọn ìjòyè ti yára rán abuké, arọ, adẹ́tẹ̀, àfín, aràrá àti eléyín gan-n-gan lọ ṣe iwin níbẹ̀. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, ní igbe wọn ni "Kò sí àyè, kò sí àyè!" Àwọn oníṣẹ́ ọba fẹsẹ̀ fẹ. Ọba rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì kó iwin náà bọ̀ láàyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Ògbólú ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Kò bá ìjòyè kankan jà. Ó sè fún wọn, ó sì ní kí iwin tí kálukú rán gbé ọtí lọ fún un.

Ẹ wo iṣẹ́ òṣèré tó wà níbẹ̀: èèyàn mẹ́fà, kálukú pẹ̀lú ìrísí tirẹ̀, ohùn wọn ṣọ̀kan. Lójú tèmi, wọn kò lè ṣe é láìkọ́kọ́ dán an wò papọ̀, ẹnì kan á sì ti máa darí wọn. Ẹ̀sà Ògbín, ará Ọ̀gbojò, ni Adédèjì kà sí ẹni tó sọ irú eré báyìí di iṣẹ́ agbo tó ń rìn láti ìlú dé ìlú. Títí dòní, bí alárìnjó bá ń pe ẹ̀sà, ìyẹn ewì eégún, orúkọ rẹ̀ ń wọ inú ìjúbà. Wọn kì í fo ìjúbà láyé. Ìbà ọba, ìbà àgbà, ìbà ẹni tó kọ́ni níṣẹ́, kí idán kankan tó wáyé.

Ẹ̀rí tó wù mí jù ni ti Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó tó wo eré ní Ọ̀yọ́ Ilé ní February 1826. Erè jáde látinú àpò. Lẹ́yìn náà ni eégún òyìnbó yọ, ó rù hangogo, òtútù ń gbọ̀n ọ́n pìpì. Láàárín ìran kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, gbogbo èrò sì ń gbè é. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún 33 kí ilé-ìwé Èkó yẹn tó ṣí!

Ìyókù kò ṣòkùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré ìtàgé ní 1944, opening glee rẹ̀, orin tó fi ń ṣíde, sì ń ṣe iṣẹ́ ìjúbà. Nígbà tí School of Drama bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá síbẹ̀, ó sì gbé ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tútùọlá kọ sórí ìtàgé ní 1963, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ náà ń gbé eré káàkiri ìlú bíi ti alárìnjó. Ní 1968, Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame jáde ní Ifẹ̀: asọ̀tàn ló ṣíde, àwọn òṣèré sì ń fi ara ṣe ohun tó ń wí.