Sàlámì Ṣíṣe Nílé: Ẹ Ra Òṣùwọ̀n Kí Ẹ Tó Ra Ẹran

Sàlámì kì í rí iná. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù ni, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi iyọ̀ àti èròjà sí, tí wọ́n kì sínú ìfun, tí wọ́n sì so rọ̀ títí tó fi gbẹ. Àwọn ará Felino lẹ́bàá Parma ní Ítálì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsè, nítorí pé ohun mẹ́rin ló ń ṣọ́ ẹran náà pọ̀: iyọ̀, nitrite (èròjà kan tó ń di kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́), kíkan àti gbígbẹ. Kò sí èyí tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú lásán kò sì lè sọ bóyá wọ́n pé. Òṣùwọ̀n ló ń sọ ọ́.

Ẹni tó mọ kílíṣí lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Wọ́n yàtọ̀ púpọ̀. Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gé ẹran kílíṣí, oòrùn á tètè fa omi rẹ̀, wọ́n á sì tún yan án. Sàlámì nípọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni omi àárín rẹ̀ fi ń rìn bọ̀ síta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, atẹ́gùn kì í dé inú rẹ̀, irú ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum sì ti ń gbilẹ̀. Inú botulus tó jẹ́ sọ́séèjì lédè Látìn ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Lára àwọn tó jẹ sọ́séèjì ní Württemberg, ní Jámánì, ni dókítà Justinus Kerner ti ṣàkíyèsí àìsàn náà, tó sì kọ nípa rẹ̀ láàárín 1817 sí 1822. Májèlé rẹ̀ kì í rùn, kì í yí àwọ̀ ẹran padà, ahọ́n kì í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹran lè dùn ún jẹ kó sì pani.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀. Iyọ̀ méjì ló ń wọ sàlámì. Ọ̀kan ni iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Cure #2, tàbí Prague Powder #2: iyọ̀ ni, àmọ́ wọ́n ti po 6.25% sodium nitrite àti 4% sodium nitrate mọ́ ọn. Nitrite ló ń di botulinum lọ́wọ́, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹran pupa dípò kó rí bí eérú. Nitrate dà bí oúnjẹ inú àká. Àwọn kòkòrò rere inú ẹran á máa bù ú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ di nitrite bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Cure #1 kò ní nitrate, ẹran tí a máa sè tàbí èyí tí kì í pẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Fún sàlámì tó máa lo oṣù kan sókè, #2 ni kí ẹ lò.

Gíráàmù 2.5 ni ti kílò kan, ẹran àti ọ̀rá pọ̀. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ nínú rẹ̀. Nitrite tó bá pọ̀ jù ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́, ó sì lè pa ọmọdé. Ṣíbí kò lè wọn irú nǹkan báyìí, àfi òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Ohun méjì ló tún máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń pa Cure #2 láró kó pupa rẹ́súrẹ́sú kí ẹnikẹ́ni má baà fi se ọbẹ̀, àwọn kan á wá lọ ra iyọ̀ pupa Himalaya, wọ́n á rò pé òun náà ni. Iyọ̀ Himalaya kò ní ìdáàbòbò kankan nínú. Ìkejì, ní Jámánì àti àwọn ibòmíràn ní Yúróòpù, iyọ̀ oní-nitrite kan wà tí nitrite inú rẹ̀ kò tó 1%. Bí ẹ bá wọn gíráàmù 2.5 nínú irú ìyẹn, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó ṣí i.

Ẹran èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ló dára jù. Ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀, tó le tó sì funfun, ni kí ẹ lò. Ọ̀rá ikùn rọ̀ jù, ṣe ló máa ń yọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe tọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹran rẹ̀ sí fírísà nítorí aràn trichinella: ègé tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ gbọ́dọ̀ lo 20 ọjọ́ ní -15°C, tàbí 10 ọjọ́ ní -23°C. Ọ̀pọ̀ fírísà ilé kì í kọjá -18°C, nítorí náà 20 ọjọ́ ni kí ẹ kà. Aràn ni dídì yìí ń pa. Àwọn kòkòrò bíi E. coli á kàn sùn ni, bí ẹran bá yọ́ wọ́n á jí.

Fún kílò mẹ́ta, ẹ wọn ẹran 2,250 gíráàmù àti ọ̀rá 750. Ẹ wọn iyọ̀ 75, Cure #2 gíráàmù 7.5, ṣúgà dextrose 9, ata dúdú (ẹbí ìyeré wa) 9, aáyù tí a gún kúnná 6, àti wáìnì pupa mílílítà 60. Bí ẹran àti ọ̀rá yín pọ̀ bá jẹ́ 2,740 gíráàmù lẹ́yìn tí ẹ yọ iṣan àti àwọ̀ kúrò, ẹ tún gbogbo ìṣirò ṣe: iyọ̀ 2.5%, Cure #2 0.25%, dextrose 0.3%. Ìṣirò yìí ni kí ẹ mú dání. Ata àti aáyù ni ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe. Àwọn ará Tuscany ń fi èso fennel sí tiwọn, àwọn ará Calabria ń fi ata pupa tó ń ta.

Ohun tó kù ni lẹ́búlẹ́bú kòkòrò rere, irú bíi T-SPX, tí wọ́n ń tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọn iye tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ní klorín, nítorí pé klorín inú omi ẹ̀rọ máa pa á, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 30.

Láti ibi lílọ̀ títí dé ibi kíkì, ọ̀tá yín ni ooru. Ẹ gé ẹran àti ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, ẹ gbé wọn sí fírísà títí etí wọn á fi le gbagidi, kí ẹ gbé irin ẹ̀rọ ìlọran náà síbẹ̀. Awo oníhò mílímítà 6 ló yẹ. Bí ọ̀rá bá gbóná, kò ní gé, ṣe ló máa fọ́ bíi bọ́tà tí yóò sì bo ẹran mọ́lẹ̀. Omi kò ní rọ́nà jáde mọ́, àárín sàlámì á sì máa rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Kò sí àtúnṣe fún èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo èròjà sí i, kí ẹ fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi máa lẹ̀: bí ẹ bá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ dojú ọwọ́ délẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jábọ́.

Ìfun màlúù tó fẹ̀ tó mílímítà 55 sí 60 ni kí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ki ẹran sí i kó le dáadáa, kí ẹ dì í, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti fi iná jó gún ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí. Ihò afẹ́fẹ́ ni èéhù ti máa ń hù nínú. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí bébà, kí ẹ so ó mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti rẹ ògì rí mọ ohun tó kàn. Irú kòkòrò tó ń mú ògì kan, tó ń jẹ ṣúgà tó sì ń sọ ọ́ di omi kíkan, náà ló máa ṣiṣẹ́ níbí. Àmọ́ ògì á padà wá sórí iná, sàlámì kò ní dé ibẹ̀, nítorí náà a kò lè fi imú gbọ́ bó ṣe kan tó. Ẹ fi í síbi tó wà láàárín 20 sí 24°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó 90%, fún wákàtí 48 sí 72. Ẹ ti ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ẹran pípò náà, ẹ wé e sínú láílọ́ọ̀nù kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Òun ni ẹ máa po mọ́ omi distilled (omi tí wọ́n sè di oru kó lè mọ́) tí ẹ máa ki ẹ̀rọ pH bọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà sọ bí nǹkan ṣe kan tó: bí nọ́ńbà bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni ó ń kan sí i. 5.3 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i ni a ń wá. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé ní 24°C tí kò tíì dé 5.3, ẹ dà á nù, bó ti wù kó dunni tó, torí kòkòrò àìfojúrí Staphylococcus aureus lè ti tu májèlé sí i, gbígbẹ kò sì lè mú májèlé yẹn kúrò.

Ibi gbígbẹ ló ti ń bàjẹ́ jù lọ. 12 sí 15°C ni, pẹ̀lú ọ̀rinrin 75 sí 80%. Fíríìjì àtijọ́ dára fún un, bí ẹ bá so ẹ̀rọ tó ń darí ìwọ̀n ooru mọ́ ọn, tí ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń tu ìkùukùu omi sínú rẹ̀ àti fáànù tó máa ń yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ dán ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin wò kí ẹ tó gbà á gbọ́: ẹ rọ omi ṣín-ún sí iyọ̀ inú ìdérí ìgò kó rí bí ẹrẹ̀, ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú láílọ́ọ̀nù tí ẹ dì pa, kí ó di ọjọ́ kejì. 75% ló yẹ kó kà. Bí ó bá ka 69, ẹ mọ̀ pé mẹ́fà ló ń dín.

Ohun tí a fagbára mú ní í le, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níhìn-ín gẹ́lẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, ìta sàlámì á le bí awọ, omi àárín á há mọ́ inú, ẹran á sì jẹrà níbi tí ojú kò tó. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kó máa le bákan náà láti ìta dé inú. Bí ìta bá ti ń le ju inú lọ, ẹ gbé ọ̀rinrin sókè sí 85% fún ọjọ́ díẹ̀. Tó bá ti gbẹ tán tí etí rẹ̀ ṣì dúdú, ẹ fi sínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, kí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fíríìjì, omi inú á pín ara rẹ̀ kiri. Ọ̀yẹ́ ní ilé lè fa irú èyí láàárín òru kan, àwọn oṣù òjò náà sì gbóná jù. Bí iná bá ń lọ fún ìdajì ọjọ́ ní àdúgbò yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Èéhù funfun tó rí bí àtíkè kò burú, àwọn kan tilẹ̀ máa ń ra Penicillium nalgiovense láti fi wọ́n ọn. Èyí tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú fínígà nù ún kí ẹ sì dín ọ̀rinrin kù. Bó bá dúdú, ẹ sọ sàlámì náà nù.

Ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè lo màlúù, bí àwọn ará Tọ́kì ṣe ń ṣe sucuk, sọ́séèjì gbígbẹ tiwọn, ìṣirò iyọ̀ kò yí padà. Àmọ́ ọ̀rá màlúù máa ń le lẹ́nu, E. coli sì wọ́pọ̀ lára màlúù.

Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ bá ti dín ní 38%, ó ti gbẹ: èyí tó jẹ́ 1,000 gíráàmù nígbà tí ẹ so ó gbọ́dọ̀ ti di 620. Ìwúwo ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má ka ọjọ́. Nígbà tí ẹ bá gé e, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa yíká, kí ọ̀rá funfun dá dúró láàárín ẹran. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tàbí tó ń yọ̀, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ má fún aboyún, ọmọdé kékeré àti àwọn arúgbó. Ní 1994, sàlámì gbígbẹ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kó E. coli O157:H7 ran àwọn ènìyàn ní Washington àti California, iléeṣẹ́ ló sì ṣe ìyẹn. Bébà ni kí ẹ fi wé èyí tó bá kù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Láílọ́ọ̀nù lásán máa mú ara rẹ̀ lómi.